Ìka Tí Kò Ṣẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Fíìmù Ìgbésí Ayé Émile Zola

Àwọn baba wa a máa wí pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ìdájọ́ òdodo ni ó wà nínú rẹ̀: kí a wá ẹni tí ó ṣẹ̀ rí, kí a mọ̀ ọ́n dájú, kí ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ìyà yóò tọ́ sí. Ní ọdún 1894 àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé gé ìka tí kò ṣẹ̀. Wọ́n dá Alfred Dreyfus lẹ́bi pé ó ta àṣírí ilẹ̀ baba rẹ̀ fún àwọn ará Jámánì, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n òkè òkun. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí òkìkí wọn kàn jù lórí ọ̀ràn yìí ni èyí tí ilé iṣẹ́ Warner Bros. ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937, tí a pe orúkọ rẹ̀ ní The Life of Emile Zola. Òun ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. A ó yìn ín níbi tí ìyìn tọ́ sí i, a ó sì sọ ibi tí ó kù sí. Nítorí fíìmù tí ó sọ̀rọ̀ akin nípa òtítọ́ ni, síbẹ̀ ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pamọ́, ọ̀rọ̀ náà gan-an sì ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀ràn náà.

Kí ohun tí a ó sọ lè yé òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rọ́ ìtàn náà bí ó ti rí. Júù ni Dreyfus. A bí i ní ọdún 1859 ní ìlú Mulhouse ní ẹkùn Alsace, ó sì di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, oyè rẹ̀ jẹ́ kápítẹ́nì. Ní oṣù September 1894, ìwé kan tí a kò fi orúkọ sí bọ́ sí ọwọ́ àwọn amí ilẹ̀ Faransé. Obìnrin tí ń gbálẹ̀ ní ilé aṣojú Jámánì ní Paris ni ó kó o wá fún wọn láti inú ìdọ̀tí ilé náà, ó sì hàn nínú rẹ̀ pé ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ogun ń ta àṣírí. Wọ́n mú Dreyfus ní ọjọ́ 15 oṣù October. Ní ọjọ́ 22 oṣù December, àwọn adájọ́ méje, ológun sì ni gbogbo wọn, fi ohùn ṣọ̀kan dá a lẹ́bi nínú ilé tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ti fi àkójọ ìwé kan han àwọn adájọ́ ní ìkọ̀kọ̀, èyí tí ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn àti agbẹjọ́rò rẹ̀ kò fi ojú kàn rí. Àwa tí a ti ń gbọ́ láti kékeré pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, kò ṣòro fún wa láti mọ orúkọ tí ó yẹ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù January 1895, wọ́n já àmì oyè kúrò lára aṣọ rẹ̀, wọ́n ṣẹ́ idà rẹ̀ sí méjì ní gbangba, ogunlọ́gọ̀ tí ó dúró lẹ́yìn ọgbà sì ń ké pé kí a pa àwọn Júù. Lẹ́yìn náà a gbé e lọ sí Erékùṣù Sátánì ní etí òkun Guyane, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì lo ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1896, Georges Picquart, tí ó ti di olórí àwọn amí, rí i pé ọwọ́ ọ̀gá ológun mìíràn, Esterhazy, ni ó kọ ìwé tí a torí rẹ̀ dá Dreyfus lẹ́bi. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n rán an jìnnà lọ sí Tunisia, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, Henry, sì ṣe ayédèrú ìwé kí ẹ̀bi Dreyfus lè fìdí múlẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù January 1898, ilé ẹjọ́ àwọn ológun dá Esterhazy sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Émile Zola, tí àwọn ìwé ìtàn rẹ̀ ti sọ ọ́ di olókìkí, tẹ lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn L'Aurore sí Félix Faure, Ààrẹ ilẹ̀ náà, ó sì fi orúkọ pe àwọn tí ó jẹ̀bi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pe òun náà lẹ́jọ́, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un, ó sì sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí ni ìtàn tí William Dieterle, olùdarí fíìmù náà, gbé ka iwájú wa. Paul Muni ni ó ṣe Zola, Joseph Schildkraut ni ó sì ṣe Dreyfus. Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Zola jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, tí ebi àti òtútù ń bá òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cézanne, akunlé-àwòrán, jà nínú yàrá kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ó fi hàn bí ìwé kíkọ ti sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, bí ara ti dẹ̀ ẹ́, tí kò sì fẹ́ ìjà mọ́. Nígbà tí Lucie, aya Dreyfus, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, nítorí pé àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ náà ń fẹ́ gbà á sí àárín wọn. Ìjà tí ó jà nínú ara rẹ̀ ní òru náà, láàárín ọlá tí ń bọ̀ àti òtítọ́ tí ń kan ìlẹ̀kùn, ni a kà sí apá tí ó dára jù nínú ìdajì àkọ́kọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Muni jẹ́ kí a rí ọkùnrin kan tí ó mọ ọjà yìí dunjú, tí ó sì yàn láti ra ohun tí kò tà.

Schildkraut kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀. A kò lè gbàgbé ibi tí a ti wá sọ fún un pé ó ti di òmìnira. Ó jáde kúrò nínú yàrá ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó tún padà wọlé, ó tún jáde, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Kò sí ìwàásù kankan tí ó lè sọ ohun tí ọdún mẹ́rin ẹ̀wọ̀n ń ṣe fún ènìyàn ju bí ìrìn díẹ̀ yìí ti sọ ọ́ lọ. Bákan náà ni a yin bí fíìmù náà ti fi àwọn ọ̀gá ológun hàn. Kò sọ gbogbo wọn di ẹhànnà. Ó fi hàn pé àwọn ènìyàn tí aṣọ wọn mọ́, tí ọ̀rọ̀ wọn tutù, lè jókòó yí tábìlì ká kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwà ìkà, kí orúkọ rere iṣẹ́ wọn má bàa bàjẹ́. Ní oṣù March 1938 a fún fíìmù náà ní ẹ̀bùn Oscar mẹ́ta: ti fíìmù tí ó dára jù lọ nínú ọdún náà, ti àwọn tí ó kọ ọ́, àti ti Schildkraut. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀bùn wọ̀nyí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ológun nínú fíìmù náà ń wá ọ̀dàlẹ̀, wọ́n tẹ́ ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ìka kan ń sọ̀kalẹ̀ láti orúkọ dé orúkọ, ó sì dúró lórí orúkọ Dreyfus. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà ni a kọ ọ́ sí pé Júù ni. Kí ojú tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán náà ti kọjá. Ọ̀kan nínú wọn wí pé ó ya òun lẹ́nu bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ṣe dé àárín wọn, wọ́n sì gbà pé ẹni tí wọ́n ń wá nìyẹn. Ìṣẹ́jú 116 ni fíìmù náà, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí dé òpin kò sí ẹnu kan tí ó pe ọ̀rọ̀ yìí, Júù. Aya Dreyfus kò pè é, àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò pè é, agbẹjọ́rò kò pè é, ogunlọ́gọ̀ tí ń wò ó bí a ti ń ṣẹ́ idà rẹ̀ kò pè é. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀gbẹ́ kan ní àkókò tí ìka náà dúró yóò wo fíìmù náà tán láìmọ ìdí rẹ̀ tí ó fi dúró.

Zola tìkára rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù May 1896, kí ó tó dá sí ọ̀ràn Dreyfus rárá, ó ti kọ̀wé nínú Le Figaro láti gbèjà àwọn Júù. Nínú lẹ́tà 1898 náà, ó dárúkọ ìkórìíra àwọn Júù ní gbangba, ó sì kìlọ̀ pé àrùn tí ó lè pa ilẹ̀ Faransé ni. Àrùn tí ọkùnrin náà dárúkọ ni àwọn tí ó ń ṣe fíìmù nípa ìgboyà rẹ̀ kọ̀ láti dárúkọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn náà yani lẹ́nu! Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún Bernard Lazare, òǹkọ̀wé tí òun náà jẹ́ Júù, ẹni tí ó tẹ ìwé jáde ní ọdún 1896 pé Dreyfus kò jẹ̀bi, nígbà tí Zola kò tíì sọ nǹkan kan lórí rẹ̀.

A kò wí èyí láti wá ẹ̀sùn kékeré sí iṣẹ́ ńlá. Ohun tí a fi pamọ́ yìí yí ìtumọ̀ ìtàn náà padà. Bí a bá yọ ìkórìíra kúrò, ohun tí ó kù ni àṣìṣe: àwọn ọ̀gá kan ṣi ènìyàn mú, ojú sì tì wọ́n láti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ Dreyfus kì í ṣe àṣìṣe lásán. Ẹ wo bí wọ́n ti lo ẹ̀rí. Bertillon, ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Paris, yẹ ìwé náà wò. Níbi tí ìkọ̀wé rẹ̀ ti jọ ti Dreyfus, ó ní ẹ̀rí ni. Níbi tí kò ti jọ ọ́, ó ní ẹ̀rí náà ni, nítorí pé Dreyfus ni ó mọ̀ọ́mọ̀ yí ọwọ́ ara rẹ̀ padà. Wọ́n tú ilé rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Ẹni tí ó kọ ìwé ẹ̀sùn sì ní ó ti ní láti jẹ́ pé ó ti kó ohun tí ó lè fi í hàn pamọ́ tàbí kí ó ti bà á jẹ́. Ẹni tí jíjọ ń dá lẹ́bi, tí àìjọ ń dá lẹ́bi, tí rírí ń dá lẹ́bi, tí àìrí ń dá lẹ́bi, a ti dá a lẹ́bi kí a tó pè é lẹ́jọ́. Ibo ni a ti dá a? Ní orí ìwé orúkọ náà ni, níbi tí ìka dúró sí.

Kì í sì ṣe inú yàrá àwọn ológun nìkan ni a ti pèsè ìdájọ́ náà. Ní ọdún 1886 Édouard Drumont tẹ ìwé ńlá kan jáde láti ba àwọn Júù ilẹ̀ Faransé jẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì rà á. Ní ọdún 1892 ó dá ìwé ìròyìn La Libre Parole sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà. Ní oṣù November 1894, kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn yìí ti kéde Dreyfus bí ọ̀dàlẹ̀. Kò sì yẹ kí ìwé tí a tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé àwọn ìjọ fi èyí pamọ́, pé La Croix, ìwé ìròyìn àwọn onígbàgbọ́ Páàdì ní Paris, wà lára àwọn tí ó dá iná náà. Ní ọdún 1998, nígbà tí lẹ́tà Zola pé ọgọ́rùn-ún ọdún, La Croix tọrọ àforíjì fún ohun tí ó kọ nígbà náà. Ó tọ́ kí a yìn ín pé ó jẹ́wọ́. Nínú fíìmù 1937, a rí ogunlọ́gọ̀ tí ń pariwo, a rí wọn tí ń sun ìwé Zola ní ìgboro, ṣùgbọ́n a kò rí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ohun tí wọn ń pariwo lé lórí. Ìbínú wọn dà bí òjò tí kò ní òjìji.

Àwọn kan lè dá wa lóhùn pé ó dára bẹ́ẹ̀. Pé nítorí a kò dárúkọ ẹ̀yà kan, ìtàn náà di ti gbogbo ayé, tí ẹnikẹ́ni tí a bá rẹ́ jẹ lè rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹwà, ṣùgbọ́n a kò gbà á. Ìtàn kì í di ti gbogbo ayé nípa pé a gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí a fìyà jẹ nítorí ohun tí ó jẹ́, bí a bá ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tí a kò jẹ́ sọ ohun tí ó jẹ́, a ti gbà fún àwọn ọ̀tá rẹ̀ pé ohun ìtìjú ni. Òǹwòran tí a bá sì sọ òtítọ́ fún ni yóò lè wo ìlú tirẹ̀, kí ó béèrè irú orúkọ tí ìka ń dúró lé lórí níbẹ̀.

Àwọn mìíràn lè wí pé kí a rántí ìgbà tí a ṣe fíìmù náà. A rántí rẹ̀, èyí sì mú kí ọ̀ràn náà dùn wá sí i. Àwọn ará ilé Warner tí ó ni ilé iṣẹ́ náà, Júù ni wọ́n. Júù ni Muni, tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú eré orí ìtàgé ní èdè Yiddish. Júù ni Schildkraut, ọmọ ìlú Vienna. Láti ọdún 1935 ni òfin Nuremberg ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ àwọn Júù ní Jámánì. Ní ọjọ́ 10 oṣù March 1938 a fún Schildkraut ní ẹ̀bùn rẹ̀ fún ṣíṣe Dreyfus. Ní ọjọ́ 12 oṣù kan náà, àwọn ọmọ ogun Hitler wọ ilẹ̀ Austria, ìlú tí a bí i sí sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bí ẹ̀rù bá ba àwọn tí ó ṣe fíìmù náà, ta ni yóò ṣe wọ́n lẹ́jọ́? Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kò gba ẹnikẹ́ni là. Dreyfus kú ní ọdún 1935, kò rí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Madeleine Lévy, ni a mú ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1943, ó sì kú ní Auschwitz ní oṣù January 1944.

Ohun kejì tí ó kù sí fíìmù náà ni òpin rẹ̀. Nínú fíìmù, lẹ́yìn tí Henry ti pa ara rẹ̀ tí àṣírí sì tú, a dá Dreyfus sílẹ̀, a dá oyè rẹ̀ padà fún un, Zola sì kú ní òru tí ó ṣáájú ọjọ́ ayọ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù September 1899, àwọn adájọ́ ológun ní ìlú Rennes tún dá Dreyfus lẹ́bi, márùn-ún sí méjì, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ààrẹ Loubet ni ó dárí jì í ní ọjọ́ 19 oṣù náà, bí ẹni pé ó ṣẹ̀. Zola kú ní ọdún 1902 láìrí òpin ọ̀ràn náà. Ọdún 1906 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó pa ìdájọ́ náà rẹ́. Ní ọdún 1908, nígbà tí a ń gbé òkú Zola lọ sí Panthéon, ọkùnrin kan yìnbọn fún Dreyfus, ó sì ba apá rẹ̀. A pe ọkùnrin náà lẹ́jọ́, wọ́n sì dá a sílẹ̀. A máa ń wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá irọ́ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkórìíra tí ó bí irọ́ náà kò kú. Fíìmù tí kò dárúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lè fi hàn ní òpin pé ó ṣì wà láàyè.

Ní ọdún 2019, Roman Polanski ṣe fíìmù mìíràn lórí ọ̀ràn yìí, J'accuse, Picquart sì ni ó fi ṣe aṣáájú nínú rẹ̀ dípò Zola. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ wò ó, nítorí pé olùdarí náà sá kúrò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1978, lẹ́yìn tí ó ti gbà níwájú adájọ́ pé òun ṣẹ̀ sí ọmọdébìnrin kan. A kò bá wọn wí. Orúkọ aláìṣẹ̀ kì í ṣe aṣọ tí ẹlẹ́bi lè dà bora. Ṣùgbọ́n níbi tí fíìmù 1937 ti dákẹ́, èyí sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ náà ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀gá ológun bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn. Picquart alára kò fẹ́ràn àwọn Júù, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò gbà kí a fi ẹ̀bi ẹlòmíràn di ẹrù lé Júù kan lórí. Ẹ̀kọ́ tí fíìmù àkọ́kọ́ kò lè kọ́ wa nìyí: pé a kò ní láti dúró de ìfẹ́ kí a tó ṣe òdodo. Ẹni tí o kò fẹ́ràn pàápàá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ.

Kí ni ìdájọ́ wa nígbà náà? A kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ ẹ̀yìn sí The Life of Emile Zola. Kí a wò ó, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ Muni àti Schildkraut, àti nítorí pé ó fi hàn bí ọkùnrin kan ti lè dá dúró níwájú ìjọba, ogunlọ́gọ̀ àti ìbẹ̀rù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe wò ó ní wíwò lásán. Nígbà tí ìka náà bá dúró lórí ìwé orúkọ, kí òǹwòran fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ tí àwọn inú fíìmù náà kò jẹ́ pè, kí ó sì gbé e dání títí dé òpin. Ní ọdún 1959, Schildkraut tún ṣe baba Anne Frank nínú fíìmù tí a ṣe láti inú ìwé ọmọbìnrin náà. Ní àkókò náà kò sí ẹni tí ó tún lè bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ mọ́, nítorí àwọn òkú ti pọ̀ jù.